Ọ̀RỌ̀ ÌDÍLÉ: ÀWỌN ỌMỌ BEDFORD TÍ KÒ PADÀ WÁLÉ

Àwọn àgbà a máa wí pé ogún ọmọdé kì í ṣeré fún ogún ọdún. Bí a bá ń pa òwe yìí, ohun tí ó ń wá sí ọkàn wa ni pé ọ̀kan yóò gbéyàwó, òmíràn yóò ṣí lọ sí ìlú mìíràn. Ṣùgbọ́n ìlú kan wà ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà tí ogún ọmọ rẹ̀, ó dín ẹnìkan, bọ́ kúrò nínú eré ní ọjọ́ kan ṣoṣo.

Bedford ni orúkọ ìlú náà, ní Ìpínlẹ̀ Virginia, ní ẹsẹ̀ òkè Blue Ridge. Ilẹ̀ àgbẹ̀ ni àgbègbè rẹ̀, àwọn tí ń gbé inú ìlú nígbà Ogun Àgbáyé Kejì kò sì ju bí 3,200 lọ. Ṣáájú ogun náà, nígbà tí owó wọ́n, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin ibẹ̀ a máa forúkọ sílẹ̀ nínú National Guard, èyíinì ni ẹgbẹ́ ọmọ-ogun tí ènìyàn lè wà nínú rẹ̀ kí ó sì máa ṣe iṣẹ́ oko rẹ̀ lọ. Dọ́là kan ni a ń san fún wọn ní ọjọ́ ìdánrawò. Bí a ti gbà wọ́n láti ibì kan náà, ibì kan náà ni a kó wọn sí: Kọ́ḿpánì A ti ẹgbẹ́ ọmọ-ogun ẹlẹ́sẹ̀ 116. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò àti ọ̀rẹ́ ilé-ìwé wà lábẹ́ balógun kan.

Ní oṣù kejì 1941 ni ìjọba pè wọ́n sí iṣẹ́ ogun ní kíkún. Ní 1942 wọ́n wọ ọkọ̀ Queen Mary lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì lo nǹkan bí ogún oṣù níbẹ̀ ní ìmúrasílẹ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ 6 oṣù kẹfà 1944, nǹkan bí agogo mẹ́fà ààbọ̀, wọ́n wà nínú ọ̀wọ́ kìíní tí ó gúnlẹ̀ sí etí òkun Omaha ní Normandy, ilẹ̀ Faransé. Bọ́ḿbù tí àwọn ọkọ̀ òfuurufú jù ti ré kọjá sí ẹ̀yìn, ibùba ìbọn àwọn Jámánì lórí òkè kò sì bàjẹ́. Balógun wọn, Captain Taylor Fellers, ọmọ Bedford ni òun náà. Òun àti àwọn ọmọ-ogun tí ó wà nínú ọkọ̀ rẹ̀ kú. Kí ilẹ̀ tó ṣú, 19 nínú àwọn ọmọ Bedford inú Kọ́ḿpánì A ti lọ. Àwọn mìíràn tún kú lẹ́yìn náà nínú ogun Normandy kan náà.

Ìbejì wà láàrin wọn, Roy àti Ray Stevens. Kí wọ́n tó wọ ọkọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, Ray na ọwọ́ sí èkejì rẹ̀ pé kí àwọn bọ ara àwọn lọ́wọ́. Roy kò gbà. Ó ní ó di ìkóríta Vierville, bí àwọn bá gúnlẹ̀ tán. Ọkọ̀ Roy rì sínú òkun, a sì yọ ọ́. Nígbà tí ó dé Normandy ní ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn náà, ibojì Ray ni ó bá. Ẹ̀yin tí ẹ bí Táíwò àti Kẹ́hìndé, ọ̀rọ̀ yìí kò nílò àlàyé.

Ní ilé, fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ìròyìn pàtó kò dé. Ní ọjọ́ 17 oṣù keje ni ẹ̀rọ wáyà inú ilé ìtajà oògùn ìlú bẹ̀rẹ̀ sí mú ìròyìn ikú wá, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì. Ẹni tí ìbá wá ṣìpẹ̀ fún aládùúgbò rẹ̀ ni a ń ṣìpẹ̀ fún. Wáyà méjì dé ilé àwọn Hoback: Bedford, ọmọ wọn tí ń jẹ́ orúkọ ìlú, ti kú, Raymond àbúrò rẹ̀, a kò rí i. Lẹ́yìn náà ni ìdì kan dé láti ọwọ́ sójà kan tí kò mọ̀ wọ́n rí. Bíbélì Raymond ni, tí ìyá rẹ̀ fún un ní Kérésìmesì 1938. Sójà náà rí i ní etí òkun ní ọjọ́ kejì ogun, ó sì kọ lẹ́tà mọ́ ọn pé òun nírètí pé ọmọ náà ti kọ̀wé sílé pé àlàáfíà ni òun wà. Nígbà tí ogun parí, tí ìjọba fún àwọn òbí ní àyè láti gba òkú ọmọ wọn padà, ìyá Hoback ní kí a jẹ́ kí Bedford máa sùn ní Normandy, kí ó má fi àbúrò rẹ̀ sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a rò ó wò. Pípọ̀ tí àwọn ọmọ wọ̀nyí jọ wà pọ̀ ni ó fún wọn láyà; òun kan náà ni ó mú kí òfò ogun wọ́ jọ sórí ìlú kan. Ní 1948 òfin Amẹ́ríkà wá sọ pé, bí ogun bá ti pa ọmọ nínú ìdílé kan, kí a má fi agbára mú ọmọkùnrin kan ṣoṣo tí ó ṣẹ́kù. Nígbà tí a sì ń gbé ohun ìrántí ọjọ́ náà kalẹ̀ fún gbogbo orílẹ̀-èdè, tí Ààrẹ George W. Bush ṣí ní ọjọ́ 6 oṣù kẹfà 2001, Bedford ni a yàn, nítorí pé bí a bá fi òfò wé iye ènìyàn ìlú, a kà tirẹ̀ sí èyí tí ó wúwo jù.

Ẹ̀yin òbí, ìyá Hoback rí ìwé ọmọ rẹ̀ gbà nítorí pé a ti kọ orúkọ sínú rẹ̀. Ẹ kọ orúkọ àwọn ọmọ yín sínú ìwé wọn. Ẹ̀yin ọmọ ìyá, bí ẹnìkejì yín bá na ọwọ́ sí yín, ẹ bọ̀ ọ́ nísinsìnyí; ẹ má ṣe sọ pé ó di ìkóríta.