Ìjìyà Tó Ń Fo Ẹlẹ́ṣẹ̀ Dá

Ọ̀rọ̀ kan ti di orin lẹ́nu àwọn ajàfẹ́tọ̀ọ́ kan ní Lọ́ńdọ̀nù àti Washington: bí orílẹ̀-èdè Áfíríkà kan bá ń fi òfin lépa ọkùnrin tó ń fẹ́ ọkùnrin àti obìnrin tó ń fẹ́ obìnrin, kí wọ́n dá owó ìrànwọ́ rẹ̀ dúró, kíá ni ìjọba ibẹ̀ yóò gbọ́ràn. Àwọn ọmọ Nàìjíríà kan tó wà lókè òkun náà ti ń gbe orin ọ̀hún: ohun tí wọ́n ṣe fún Uganda ni kí wọ́n ṣe fún Nàìjíríà. Àánú ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí wọn kì í dáhùn: ta ni ìyà ọ̀hún ń jẹ?

Kí wọ́n wo Uganda fúnra rẹ̀. Oṣù karùn-ún ọdún 2023 ni Ààrẹ Museveni buwọ́ lu òfin tó fi ìdájọ́ ikú kún ìjìyà àwọn ẹ̀sùn kan. Ní oṣù kẹjọ, Báńkì Àgbáyé ní òun kò ní yá Uganda lówó tuntun mọ́. Nígbà tí 2024 wọlé, Amẹ́ríkà yọ ọ́ kúrò nínú AGOA, ètò tó ń jẹ́ kí ọjà Áfíríkà wọ Amẹ́ríkà láìsan owó ibodè. Ní oṣù kẹrin ọdún yẹn, ilé ẹjọ́ tó ń rí sí òfin ìpìlẹ̀ ní Uganda fọwọ́ sí èyí tó pọ̀ jù nínú òfin náà. Ní 2025, Báńkì Àgbáyé tún ṣí àpò fún wọn. Òfin ṣì wà, Museveni ṣì wà lórí àga. Àwọn kan á ní ti ọdún 2014 ńkọ́, tí òfin àkọ́kọ́ wó lulẹ̀? Ilé ẹjọ́ ló wó o, torí pé àwọn aṣòfin kò pé iye tó yẹ nígbà tí wọ́n fọwọ́ sí i. Àwọn ọmọ Uganda ló sì pe ẹjọ́ náà.

Nàìjíríà ti rí tirẹ̀. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2011, David Cameron, olórí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà, halẹ̀ pé òun yóò gé owó ìrànwọ́ àwọn orílẹ̀-èdè tí kò bá bọ̀wọ̀ fún ẹ̀tọ́ àwọn LGBTQ. Lóṣù kan náà, àwọn ajàfẹ́tọ̀ọ́ ilẹ̀ Áfíríkà kọ̀wé jáde pé kó má ṣe bẹ́ẹ̀, pé orí àwọn tó fẹ́ gbà là ni yóò fọ́ mọ́. Kò gbọ́. Nígbà tó di oṣù kọkànlá, Sẹ́nétì Nàìjíríà fọwọ́ sí àbádòfin tó lòdì sí ìgbéyàwó akọsákọ. Ààrẹ Jonathan buwọ́ lù ú ní oṣù kìíní ọdún 2014: ẹ̀wọ̀n ọdún 14 fún ìgbéyàwó, ọdún 10 fún ẹni tó bá wọ ẹgbẹ́ tàbí tó fi irú ìfẹ́ bẹ́ẹ̀ hàn ní gbangba. Cameron kọ́ ló kọ òfin náà, ṣùgbọ́n òun ló fún àwọn olóṣèlú láǹfààní láti pera wọn ní akọni tí òyìnbó kò lè fowó rà.

Àhesọ owó lásán pàápàá ń pani lára. Ní oṣù keje ọdún 2024, ìwé ìròyìn kan gbé e pé 150 bílíọ̀nù dọ́là ló wà lẹ́yìn àdéhùn Samoa tí ìjọba Tinubu buwọ́ lù pẹ̀lú àjọ ilẹ̀ Yúróòpù, pé ẹ̀tọ́ LGBTQ ni wọ́n fi gbà á. Ìjọba ní irọ́ ni, kò sì sí ohun tó jọ ọ́ nínú àdéhùn náà. Kí ọ̀rọ̀ tó délẹ̀, mọ́sálásí àti ṣọ́ọ̀ṣì ti gbé e. Ọmọ Mushin tí kò mọ apá ibi tí Samoa wà ló di ẹni tí wọ́n ń wò bí ẹni tó ta ilẹ̀ baba rẹ̀.

Kí àwọn tó ń pe fún ìjìyà wá wo ibi tí bàtà ti ń ta àwọn èèyàn wọ̀nyí lẹ́sẹ̀. Láti Yaba dé Ojúẹlẹ́gba, ohun tí wọ́n ń bẹ̀rù ni ohun tí wọ́n ń pè ní kító. Ẹnì kan á máa bá ọmọkùnrin sọ̀rọ̀ ìfẹ́ lórí fóònù fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, á wá ní kó wá kí òun nílé. Ó wọlé tán, ọkùnrin mẹ́ta mẹ́rin á yọ láti yàrá. Wọ́n á bọ́ ọ sí ìhòòhò, wọ́n á yà á ní fídíò, wọ́n á lù ú títí á fi pe nọ́ńbà àṣírí káàdì báńkì rẹ̀, ẹnì kan á sì sáré lọ fa owó rẹ̀ lọ́dọ̀ oní-POS. Bó bá gbé ẹjọ́ dé àgọ́ ọlọ́pàá, wọ́n á bi í ohun tó wá lọ ṣe nílé ọkùnrin, wọ́n á fi ẹ̀wọ̀n ọdún 14 halẹ̀ mọ́ ọn, wọ́n á sì gba tiwọn. Èwo nínú àwọn wọ̀nyí ni Báńkì Àgbáyé ń yá lówó? Ta ni ìyà ọ̀hún ń jẹ?

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2018, ọlọ́pàá ya wọ òtẹ́ẹ̀lì kan ní Ẹgbẹ́dá. Àwọn ọkùnrin ibẹ̀ ní ayẹyẹ ọjọ́ìbí làwọn wá ṣe. Ọkùnrin 47 ni wọ́n gbé dé ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ l'Ékòó, agbẹjọ́rò ìjọba kò sì rí ẹlẹ́rìí kó wá. Ní ọjọ́ 27 oṣù kẹwàá ọdún 2020, adájọ́ da ẹjọ́ náà nù. Kò sí dọ́là tí ẹnikẹ́ni dá dúró tó ṣe ìyẹn. Lọ́yà ló ṣe é, àti ilé ẹjọ́.

Ọ̀sẹ̀ kan péré nìyẹn lẹ́yìn tí sójà yìnbọn mọ́ àwọn ọ̀dọ́ tó ń ṣe ìwọ́de EndSARS ní Lẹ́kkì. Ohun tí àwọn ọ̀dọ́ ń pariwo ní Sùúrùlérè lóṣù yẹn kò yàtọ̀: ọlọ́pàá á dá dáńfó dúró, á gba fóònù ọmọ ọlọ́mọ, á ṣí WhatsApp rẹ̀, á wo fọ́tò rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Bó bá dirun dàda, wọ́n á ní ọmọ Yahoo ni. Bó bá ń rìn jẹ́jẹ́, wọ́n á ní họ́mọ̀ ni. Mélòó nínú àwọn ọlọ́pàá wọ̀nyẹn ló ṣẹ̀wọ̀n? Ìjìyà láti òkè òkun kò yàtọ̀: Amẹ́ríkà ní òun ti fi físà du àwọn tó ba ìbò ọdún 2023 jẹ́, ṣùgbọ́n kò dárúkọ ẹyọ kan. Ìjìyà tí aráàlú kò mọ ẹni tó ń jẹ ẹ́, ta ni yóò bẹ̀rù rẹ̀?

Ẹni tó bá rò pé àsọdùn ni pé orí àwọn tí wọ́n fẹ́ gbà là ni dídá owó dúró ń fọ́ mọ́, kó wo 2025. Ní ọjọ́ 20 oṣù kìíní, Trump dá owó ìrànwọ́ ilẹ̀ òkèèrè dúró, nítorí ohun tirẹ̀. Nígbà tí wọ́n tú díẹ̀ sílẹ̀ fún ètò HIV, wọ́n ní aláboyún àti abiyamọ tó ń fọ́mọ lọ́mú nìkan ni kí wọ́n máa fún ní PrEP, oògùn tí ẹni tí kò tíì kó kòkòrò náà ń lò kó má bàa kó o. Ọkùnrin tó ń fẹ́ ọkùnrin bọ́ síta. Ohun tí dídá owó dúró ń ṣe nìyẹn, ẹni yòówù kó dá a dúró, ìdí yòówù kó ní. Sẹ́nétọ̀ kì í tò gba oògùn ọ̀fẹ́. Ẹni tí wọ́n ní kó fẹ́ni lójú ló fata sẹ́nu yìí.

Bí Lọ́ńdọ̀nù bá fẹ́ fìyà jẹni, ó ti ní òfin láti oṣù keje ọdún 2020 tó fi lè gbẹ́sẹ̀ lé dúkìá ẹni tó bá ń fi ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn du àwọn èèyàn. Kó dárúkọ ọ̀gá ọlọ́pàá tó ń jẹ lórí kító. Kó dárúkọ rẹ̀ ní gbangba, kí ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ kà á. Owó ìrànwọ́ tó bá sì ṣẹ́kù, kó fi san lọ́yà.

Lẹ́yìn náà, kó yẹ ilé ara rẹ̀ wò. Adérónkẹ́ Àpáta sá kúrò ní Nàìjíríà nítorí pé ó ń fẹ́ obìnrin. Ní 2015, agbẹjọ́rò ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dìde nílé ẹjọ́, ó ń jiyàn pé kì í ṣe ẹni tó ń fẹ́ obìnrin, torí pé ó ti fẹ́ ọkùnrin rí. Ó di 2017 kí wọ́n tó gbà á sílé. Ìjọba tó ń halẹ̀ mọ́ Áfíríkà nítorí irú obìnrin yìí ló ń pè é ní òpùrọ́ lẹ́nu ọ̀nà ara rẹ̀. Ibẹ̀ ni kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀.