Ọkàn, Ọ̀rá àti Àrùn Àtọ̀gbẹ

Àìsàn tí kì í dun ni ni ó máa ń pẹ́ lára ẹni. Bí ibà bá kọ lu ọmọ Yorùbá kan ní Kakuri tàbí ní Tudun Wada, kò ní í pẹ́ tí yóò fi wá oògùn lò. Ṣùgbọ́n àtọ̀gbẹ lè wà lára ènìyàn fún ọdún púpọ̀ láìfọhùn, títí ojú yóò fi máa ṣe bàìbàì tàbí tí egbò ẹsẹ̀ yóò kọ̀ tí kò ní í jinná. Nítorí náà, ó yẹ kí àwọn tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ajé ní Kaduna fetí sí ohun tí ìmọ̀ ìṣègùn ti rí nípa ọkàn àti àrùn yìí.

Ọjọ́ ti pẹ́ tí a ti mọ ọkàn sí ẹ̀yà tí ń ti ẹ̀jẹ̀ kiri ara. Ní 1981, Adolfo de Bold àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Kingston, ilẹ̀ Kánádà, fi hàn pé iṣẹ́ rẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n fún oje láti inú yàrá òkè ọkàn eku, wọ́n fi abẹ́rẹ́ gún un sára àwọn eku mìíràn, àwọn wọ̀nyí sì bẹ̀rẹ̀ sí í tọ omi àti iyọ̀ jáde lọ́pọ̀lọpọ̀. Họ́mónù ni oje náà, ìyẹn ni ìránṣẹ́ tí ẹ̀yà ara kan ń rán gba inú ẹ̀jẹ̀ lọ bá òmíràn. Ó ń mú kí kíndìnrín da iyọ̀ nù, ó ń dẹ iṣan ẹ̀jẹ̀, ó sì ń ran ara lọ́wọ́ láti yọ́ ọ̀rá tí ó kó pamọ́.

Níbí ni ọ̀rọ̀ ti kan àtọ̀gbẹ. Ní Malmö, ilẹ̀ Sweden, àwọn oníwàádìí yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn ènìyàn tí wọ́n lé ní 1,800 wò nígbà tí kò tíì sí àtọ̀gbẹ lára wọn, wọ́n sì tún wọn yẹ̀ wò lẹ́yìn nǹkan bí ọdún 16. Àbọ̀ wọn ní 2012 ni pé àwọn tí oje ọkàn wọn kéré ní ìbẹ̀rẹ̀ ni àtọ̀gbẹ mú jù. Oje yìí a sì máa kéré lára ẹni tí ó bá sanra jù. Ní Amẹ́ríkà pẹ̀lú, ìwádìí fi hàn pé, ní ìpíndọ́gba, ó kéré lára àwọn adúláwọ̀ ju ti àwọn aláwọ̀ funfun lọ.

Síbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má ṣe ṣi ọ̀rọ̀ yìí gbọ́. Pé nǹkan méjì ń rìn pọ̀ kò tíì fi hàn pé ọ̀kan ni ó bí èkejì. Ọkàn tí ó ń ṣàárẹ̀ pàápàá a máa tú oje yìí jáde lápọ̀jù, nítorí náà pípọ̀ rẹ̀ nìkan kì í ṣe àmì ìlera. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé ìgò dé ọjà Sheikh Abubakar Gumi, tí ó ní oògùn òun ń fi oje ọkàn kún ara, owó ni ó ń wá.

Àtọ̀gbẹ kì í ṣe àrùn òyìnbó nìkan. Ìgbìmọ̀ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládípọ̀ Akinkugbe, Gíwá Yunifásítì Ahmadu Bello ní Zaria nígbà kan rí, ṣe alága rẹ̀ jábọ̀ ní 1997 pé nǹkan bí àgbàlagbà 2 nínú 100 ní Nàìjíríà ni ó ní i. Ìṣirò tí àwọn oníṣègùn gbé jáde ní 2018 sọ ọ́ di nǹkan bí 6 nínú 100.

Ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ni ó yẹ kí a lọ yẹ̀ wò, kì í ṣe oje ọkàn. Ilé ìwòsàn Barau Dikko wà, àwọn mìíràn sì wà ládùúgbò. Bí ènìyàn kò bá jẹun fún wákàtí 8, tí ṣúgà rẹ̀ sì tó 7.0 lórí ìwọ̀n tí ilé àyẹ̀wò ń lò, tí àyẹ̀wò kejì sì jẹ́rìí sí i, àtọ̀gbẹ ti wọlé nìyẹn. Kí ẹni tí ń jókòó sí ṣọ́ọ̀bù láti òwúrọ̀ di alẹ́ máa rìn, kí ó dín ẹlẹ́rìndòdò kù, kí ó sì dín ọ̀rá ara kù.

Àṣà kan wà tí kò dára: ọ̀pọ̀ a máa fi ìtọ́jú ara pamọ́ di ìgbà tí wọ́n bá padà sílé. Owó ń lọ sílé lóṣooṣù, bíríkì ń gun orí ara wọn ní Ògbómọ̀ṣọ́ àti ní Ọ̀fà, ṣùgbọ́n ara tí ń pa owó náà kò rí ẹni yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹni tí ara rẹ̀ bá dá ni yóò gbé inú ilé tí ó kọ́.