Eyín tí ó ṣìnà

Bí eyín ọmọdé bá jábọ́, ọmọ a jù ú sórí òrùlé, inú ilé a dùn. Ṣùgbọ́n òmíràn kì í jábọ́ lásìkò. Ìdúró kọ́ ni oògùn rẹ̀.

Eyín ṣóńṣó òkè tí yóò rọ́pò ti ọmọdé máa ń hù ní nǹkan bí ọdún 11 sí 12. Bí ó bá ṣìnà sí àjà ẹnu, ó lè jẹ gbòǹgbò eyín ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bí dókítà eyín bá tètè yọ ti ọmọdé, èyí tí ó ṣìnà lè padà sí ọ̀nà.

Dókítà ni ó mọ èyí tí ó yẹ ní yíyọ. Kí òbí má ṣe fà á nílé. Kí ó mú ọmọ ọdún 10 lọ fún àyẹ̀wò. Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò.