Ẹyẹ Tí Mo Pè Ní Àjẹ́

Ọ̀rọ̀ òní gùn díẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sùúrù kà á dé ìsàlẹ̀, torí ìsàlẹ̀ ni ẹjọ́ tèmi wà.

Ní oṣù Kẹfà ọdún tó kọjá, ìyá kan nínú ìjọ wa ní Ṣàgámù wá bá mi lẹ́yìn ìsìn. Ó na fóònù sí mi, ojú rẹ̀ ti pọ́n. "Dádì, ẹ bá mi gbàdúrà sórí ọmọ yìí o. Wọ́n ti yí i lórí." Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin tó ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Ìlú Ọba ló gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́. Kò wálé. Kò ra ilẹ̀. Ó san owó fún àwọn tó ń mú èèyàn rìnrìn àjò, wọ́n gbé e lọ sí ìkángun ayé níhà àríwá, ó wọ kóòtù tó nípọn bí ibùsùn, ó gbé awò tí wọ́n fi ń wo ọ̀nà jíjìn kọ́ ọrùn, ó ń wo ẹyẹ. Ẹyẹ! Màmá ti ṣírò owó náà sí náírà, ó ní ó tó ra mọ́tò tòkúńbọ̀. "Dádì, ṣé kò sí ẹyẹ ní Ṣàgámù ni?"

N kò ní purọ́ fún yín. Mo ti fẹ́ pe orúkọ ọmọ náà sínú àdúrà ìdáǹdè kí n tó fojú kan fọ́tò tó wà nínú fóònù yẹn. Nígbà tí mo rí i, mo ní kí Màmá dúró ná.

Ẹyẹ kékeré kan ni. Orí rẹ̀ rí bí eérú, àyà rẹ̀ pọ́n bí ìyeyè. Ó dúró lórí òkúta, yìnyín ṣì wà nílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Mo mọ ẹyẹ yìí! Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Òun ló máa ń sáré kiri lórí pápá bọ́ọ̀lù iléèwé nígbà ọyẹ́, tó máa ń ju ìrù sókè sódò láì sinmi. Òun àti lékèélékèé ló jọ máa ń tẹ̀lé màlúù àwọn Fúlàní, tí wọ́n ń ṣa kòkòrò tí ẹsẹ̀ màlúù bá tú jáde nínú koríko. Mo ti fi rọ́bà ta á rí nígbà tí mo wà lọ́mọdé.

Mo pe ọmọ náà lórí WhatsApp lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ó ní, "Bàbá, ẹ kú alẹ́ sà. Mo mọ̀ pé Mọ́mì ti fẹjọ́ mi sùn yín." A jọ rẹ́rìn-ín. Ó wá ṣàlàyé fún mi. Varanger ni wọ́n ń pe ibẹ̀, ní òkè pátápátá orílẹ̀-èdè Norway, kò jìnnà sí ààlà Rọ́ṣíà. Ìlú kékeré kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Vardø. Láti nǹkan bí àárín oṣù Karùn-ún títí dé ìparí oṣù Keje, oòrùn kì í wọ̀ níbẹ̀, tọ̀sán tòru. Ìgbà tí yìnyín bá ń yọ́ lọ, tí ewéko ń rú, tí kòkòrò ń jáde, ni ẹyẹ máa ń ti ibi gbogbo wá síbẹ̀ láti yé ẹyin. Erékùṣù kan wà lójú òkun ibẹ̀, Hornøya, tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹyẹ òkun tò sára àpáta rẹ̀. Àwọn èèyàn ń ti Ìlú Ọba, Jámánì àti ibòmíràn san owó wá, wọ́n á gba ẹni tí yóò máa fi wọ́n mọ̀nà, wọ́n á sì dúró nínú òtútù láti wo ẹyẹ.

Ó ní láàárọ̀ ọjọ́ kan, ẹni tó ń mú wọn kiri gbé ọwọ́ sókè, gbogbo wọn dákẹ́. Ó nawọ́ sí ẹyẹ aláyà ìyeyè yìí, ó ní, "Ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà ni eléyìí ti ń bọ̀." Ọmọ náà sọ fún mi pé, "Bàbá, gbogbo wọn ń ya fọ́tò. Èmi nìkan ni omi bọ́ lójú mi. Pápá bọ́ọ̀lù iléèwé wa ni mo rí."

Ẹ gbọ́ o, ẹ̀yin tèmi. Ẹyẹ yìí kò wúwo. Mẹ́ta rẹ̀ ni yóò tó ìwọ̀n ẹyin adìyẹ kan. Láti Ṣàgámù dé Varanger lé ní kìlómítà 7,000. Aṣálẹ̀ Sàhárà wà láàárín, kò sí omi, kò sí kòkòrò tó máa jẹ. Nítorí náà, kó tó gbéra lọ́dọ̀ wa ní oṣù Kẹta tàbí oṣù Kẹrin, á jẹun títí ara rẹ̀ á fi sanra, torí ọ̀rá ara rẹ̀ ni oúnjẹ ọ̀nà. Wọn kò méfò o. Láti bí ọgọ́ta ọdún sẹ́yìn ni àwọn onímọ̀ ti ń fi òrùka kékeré tó ní nọ́ńbà sí wọn lẹ́sẹ̀ lágbègbè Jos, wọ́n sì ti rí àwọn olórùka yẹn ní Yúróòpù. Tí oṣù Kẹwàá bá tún dé, wọ́n á padà wá bá wa.

Ẹ ṣí Jeremáyà orí 8, ẹsẹ 7. Ẹ fúnra yín kà á. Wòlíì sọ níbẹ̀ pé ẹyẹ ojú ọ̀run mọ àkókò tirẹ̀, àti alápàńdẹ̀dẹ̀ pàápàá, ṣùgbọ́n àwọn èèyàn Ọlọ́run kò mọ ìdájọ́ Rẹ̀. Mo ti fi ẹsẹ yìí wàásù ju ìgbà mẹ́wàá lọ. Àwọn ẹlẹ́ṣẹ̀ ìta ni mo máa ń nàka sí. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, èmi ni ẹsẹ náà nàka sí.

Ìdí rèé.

Ní ọdún 2019, níbi àìsùn ìparí oṣù, òwìwí kan wá bà lé òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì wa, ó sì ké. Ọ̀pọ̀ nínú yín wà níbẹ̀. Èmi ni mo di máíìkì mú. Mo pariwo pé àṣírí ọ̀tá ti tú, pé ẹni tó rán ẹyẹ yìí wá kò jìnnà sí wa. Àwọn ọ̀dọ́ wa jáde pẹ̀lú òkúta àti igi, wọ́n pa á, wọ́n sì dáná sun ún. A jó, a yọ̀. Kò pé ọjọ́ mẹ́ta, ọmọ kékeré kan nínú ìjọ kú.

Ẹ mọ òwe wa: àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Òwe yẹn ló di ìdájọ́. Ìyá àgbà kan ń gbé lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì wa, ó ń ta ẹ̀kọ. Ẹnì kan ní ẹ̀yìn ilé rẹ̀ ni òwìwí yẹn ti máa ń fò wá. Ẹlòmíràn ní òun ti rí i tí ó ń dá sọ̀rọ̀ lóru. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, kò sẹ́ni tó ra ẹ̀kọ rẹ̀ mọ́. Àwọn ọmọdé ń ju òkúta sí páànù ilé rẹ̀. Kí oṣù tó parí, ọmọ rẹ̀ obìnrin wá kó o lọ sí Ìkẹ́nnẹ́. N kò fi ẹnu ara mi dárúkọ rẹ̀. N kò sì fi ẹnu ara mi gbà á sílẹ̀. Mo mọ ohun tí wọ́n ń sọ, mo dákẹ́.

Kí ló pa ọmọ yẹn? Ibà ni. Wọ́n ti tọ́jú rẹ̀ nílé pẹ́ kí wọ́n tó gbé e jáde. Gọ́tà ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì wa kún fún omi dúdú nígbà náà, ẹ̀fọn ń hó nínú rẹ̀. Lẹ́yìn tí a rí ẹyẹ tí a máa di ẹ̀bi rù, ta ló tún ráyè gọ́tà? Ọdún kan gbáko ló tún fi wà bẹ́ẹ̀ kí a tó kó o. Ohun tó ń dùn mí jù nìyẹn. Ọ̀tá tó ń pa ọmọ wa wà lẹ́bàá ẹsẹ̀ wa, àwa ń wo òrùlé.

Àwọn kan á ti máa sọ báyìí pé, "Ṣé Pásítọ̀ kò gbà pé ẹ̀mí òkùnkùn wà mọ́ ni?" Mo gbà. Mo ṣì ń gbàdúrà ogun, ẹ̀yin náà mọ̀ mí. Ṣùgbọ́n ẹyẹ tó ké kì í ṣe ẹ̀rí. Ẹlòmíràn á ní, "Ṣebí Léfítíkù orí 11 ka òwìwí mọ́ ohun àìmọ́?" Bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní kí Ísírẹ́lì má jẹ ẹ́. Kò ní kí wọ́n sun ún, kò sì ní kí wọ́n fi í mọ ẹni tó jẹ́ àjẹ́. Diutarónómì orí 22 tilẹ̀ sọ pé tí o bá rí ìtẹ́ ẹyẹ lọ́nà, o kò gbọdọ̀ mú ìyá pọ̀ mọ́ ọmọ. Orin Dáfídì 84 gbà kí alápàńdẹ̀dẹ̀ kọ́ ìtẹ́ sẹ́bàá pẹpẹ Ọlọ́run. Àwa ńkọ́? Igi gbọọrọ la fi ń já ìtẹ́ rẹ̀ lulẹ̀ nítorí kó má ba ọ̀dà ògiri jẹ́.

Kí ni òwìwí ń wá lóru? Eku. Eku tí ń jẹ àgbàdo wa, eku tí ń kó ibà Lassa ran èèyàn. Òru ló ń ṣiṣẹ́ bí ọlọ́dẹ àdúgbò, àwa sì ń pa ọlọ́dẹ.

Ẹ tún jẹ́ kí n fi òfin kún un. Criminal Code ilẹ̀ wa, abala 210, sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ láti pe ẹnikẹ́ni ní àjẹ́. Ẹ̀wọ̀n ọdún méjì ló lè já sí. Àwa tí a ń di máíìkì mú, ẹ jẹ́ ká rántí o.

Nínú oṣù Kejì ọdún yìí, mo wa mọ́tò lọ sí Ìkẹ́nnẹ́. Mo bá ìyá náà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń ṣẹ́ ẹ̀gúsí. Ó ti gbó sí i, ṣùgbọ́n ó dá mi mọ̀. Ó ní kí wọ́n bu omi fún mi. Mo dọ̀bálẹ̀. Mo ní, "Ìyá, ẹ foríjì mí." Ó dákẹ́ títí. Ó wá ní, "Pásítọ̀, ẹ dìde. Ẹ̀rọ lẹ fi sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ yẹn, gbogbo àdúgbò ló gbọ́. Ṣé inú ọ̀dẹ̀dẹ̀ lẹ máa ti wá bẹ̀ mí?"

Ìdí tí mo fi kọ èyí síbi tí gbogbo ayé ti lè kà á nìyẹn. Màmá, mo jẹ̀bi yín. Ẹ kò rán ẹyẹ kankan. Ní ọjọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀, màá sọ ọ́ lórí pẹpẹ, máíìkì kan náà ni màá sì fi sọ ọ́. Ẹ̀yin tí ẹ kọ̀ láti ra ẹ̀kọ rẹ̀, ọ̀nà Ìkẹ́nnẹ́ kò jìn.

Mo wá bẹ̀ yín ní nǹkan mẹ́ta. Àkọ́kọ́: kò gbọdọ̀ sí òkúta tàbí rọ́bà mọ́ fún ẹyẹ kankan nínú ọgbà ìjọ wa, ìbáà ké lọ́sàn-án, ìbáà ké lóru. Ìkejì: tí àìsàn tàbí ikú bá wọlé, ẹ jẹ́ ká gbàdúrà, ká tètè gbé aláìsàn lọ sọ́dọ̀ dókítà, ká wo gọ́tà, ká má nàka sí arúgbó. Ìkẹta: àwọn ẹyẹ aláyà ìyeyè ṣì wà nílẹ̀ báyìí, wọn kò ní pẹ́ lọ. Ẹ mú àwọn ọmọ yín lọ sí pápá iléèwé ní ìrọ̀lẹ́, kí ẹ jókòó jẹ́ẹ́, kí ẹ fi wọ́n hàn wọ́n. Ohun tí àwọn kan ń san owó mọ́tò lọ wò nínú yìnyín, ọ̀fẹ́ ni lọ́dọ̀ wa.

Ẹ má sì rò pé òyìnbó kì í wá wo tiwa. Ẹyẹ kan wà tó dúdú, tí orí rẹ̀ pupa, tí wọ́n fi orúkọ Ìbàdàn pè. Elgood, tó jẹ́ olùkọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ gíga Ìbàdàn, ló kọ nípa rẹ̀ fún aráyé ní ọdún 1958. Kò sí níbikíbi láyé àfi ní ìhà gúúsù ìwọ̀ oòrùn Nàìjíríà yìí. Àwọn àlejò máa ń wá a nínú igbó tó wà ní ọgbà IITA ní Ìbàdàn. Bí a bá gé gbogbo igi tán nítorí a ní ẹyẹ àjẹ́ ń wọ̀ sí i, kí ni a máa fi hàn wọ́n?

Mo ti pe Màmá tó gbé fóònù wá. Mo sọ fún un pé orí ọmọ rẹ̀ pé. Ó ní òun ti gbọ́, ṣùgbọ́n kí n ṣì bá òun sọ fún un pé kó ra ilẹ̀. Màá sọ fún un.

Olúwa tó mọ ìgbà tí ẹyẹ ológoṣẹ́ kan bá bọ́ sílẹ̀, kí Ó dárí jì wá, kí Ó là wá lójú, kí Ó má jẹ́ ká fi ẹnu wa lé aláìṣẹ̀ kúrò nílé. Tí àdúrà yìí bá kàn ọ́, ṣe Àmín, kí o sì fi ránṣẹ́ sí pásítọ̀ mìíràn tí o mọ̀.

Ire o.