Ẹ̀rọ ìfọ́kúta Itakpe: òkúta ni kí ìjọba kọ́kọ́ wò

Ní ọdún 1987 ni ìjọba àpapọ̀ dá iléeṣẹ́ tí yóò máa wa òkúta irin ní Itakpe, ìpínlẹ̀ Kogi, sílẹ̀, kí Ajaokuta lè rí ohun tí yóò yọ́. Ọ̀rọ̀ àtúnṣe ibẹ̀ kò tán lẹ́nu ìjọba, ṣùgbọ́n irú ẹ̀rọ tí yóò fọ́ òkúta náà kì í sábà wọ inú ọ̀rọ̀ ọ̀hún.

Òkúta Itakpe le. Nínú ìdá ọgọ́rùn-ún rẹ̀, bíi 36 péré ni irin. Òkúta líle tó ń jẹ ẹ̀rọ bí ayùn ló pọ̀ nínú ìyókù. Ẹni tó bá torí owó pọ́ọ́kú gbé ẹ̀rọ tó ń fi òòlù gbá òkúta lọ síbẹ̀, òòlù ni yóò máa pààrọ̀ ṣáá. Àwọn ìyá tó ń lọ àgbàdo mọ bí ojú ẹ̀rọ ìlọta ṣe ń jẹ, àgbàdo sì nìyẹn o!

Ẹ̀rọ tó ń rún òkúta bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ kò wọ́n jù, ó sì rọrùn láti tún ṣe. Bó bá jẹ́ pé òkúta tí wọ́n fẹ́ fọ́ ju 1,000 tọ́ọ̀nù lọ ní wákàtí kan, gyratory tí kì í sinmi ló yẹ, bó tilẹ̀ ga bí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì.

Kí ìjọba tó buwọ́ lu ìwé, kó béèrè ibi tí ẹ̀yà ara ẹ̀rọ yóò ti máa wá, àti iná mànàmáná tí yóò gbé e. Àwọn ọmọ Okene àti Okun tó kọ́ṣẹ́ ẹ̀rọ ni kó fi sídìí rẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n bá ti ń tò ó.