Ohùn Gángan Nínú Orin Ẹ̀rọ

Ọ̀pọ̀ àgbà gbà pé ẹ̀rọ ló ń pa ìlù Yorùbá. Èrò tèmi yàtọ̀. Àwo mẹ́ta tí King Sunny Adé gbé jáde lábẹ́ ilé-iṣẹ́ Island, Juju Music (1982), Synchro System (1983) àti Aura (1984), ló kọ́ etí mi bí a ti ń gbọ́ orin ijó. Dùùrù oníná ń dún nínú wọn, síbẹ̀ gángan ló ń sọ̀rọ̀. Ẹ̀rọ ń gbè é ni. Bí onílù ti ń fún ọṣán ni ohùn ń lọ sókè, tó ń bọ̀ ní àárín, tó ń wálẹ̀. Ìlù ẹ̀rọ lásán lè gbé ijó ró, ṣùgbọ́n kì í pa òwe.

Ewu ibẹ̀ ni pé ọmọ tó ń gbọ́ ìlù ẹ̀rọ nìkan níbi ìnáwó, ì báà jẹ́ ní Akaka Rẹ́mọ tàbí Ṣàgámù, lè mọ ijó í jó láìmọ ohun tí ìlù ń wí. Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí a gbé irú àwo bẹ́ẹ̀ wọ kíláàsì. Kí akẹ́kọ̀ọ́ ṣa ohùn gángan sọ́tọ̀, kí ó fi àmì ohùn kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹni tí kò kọ́ ọmọ ní èdè ìlù kò gbọdọ̀ dá ẹ̀rọ lẹ́bi.