Ta Ló Ní Gíríìkì Ló Kọ́ Wa?

Ọ̀rọ̀ yìí ti ń ká mi lára tipẹ́. Ní ọdún 1910, Leo Frobenius, ará Jámánì, dé Ilé-Ifẹ̀. Ó rí orí amọ̀ tí ojú, imú àti ètè wọn pé bíi ti ènìyàn tó ń mí. Ó rí orí Olókun tí wọ́n fi idẹ rọ. Kàkà kó kan sáárá sí Ifẹ̀, ó ní àwọn Gíríìkì àtijọ́ ló ti tẹ̀dó síbẹ̀ rí!

Ẹ gbọ́ ná. Láàárín bí ọdún 1100 sí 1450 ni Ifẹ̀ ń rọ àwọn orí wọ̀nyẹn. Láàárín àkókò náà, ní 1260, Nicola Pisano parí àga ìwàásù ilé ìrìbọmi ìlú Písà ní Ítálì. Ara pósí òkúta àwọn ará Róòmù tó wà nílùú ọ̀hún ló ti wo iṣẹ́, ojú tó gbẹ́ sì jọ tiwọn. Ta ló gba iṣẹ́ yẹn lọ́wọ́ rẹ̀? Wọ́n ní ọmọ tó mọ ilé baba rẹ̀ ni. Tiwa ńkọ́? Ní 1938, wọ́n ń gbẹ́ ilẹ̀ kọ́lé lágbo ilé Wúnmọníjẹ̀, orí tó lé ní mẹ́wàá jáde. Àwọn kan jẹ́ bàbà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ má lábùlà, bẹ́ẹ̀ bàbà lásán le rọ ju idẹ lọ. Gíríìkì wo ló wà níbẹ̀?

Àmọ́ òyìnbó kọ́ ló ń bí mi nínú jù. Àwa Ẹ̀gbá fúnra wa ni. Bí mo bá dárúkọ ilé Adúgbòlóge ní Ìtòkò, l'Ábẹ́òkúta níbí, àwọn ọ̀mọ̀wé wa á yínmú sí ère ìbejì wọn: "Orí ti tóbi jù, kò jọ ènìyàn." Àbí ẹ ò rí nǹkan! Ṣé agbẹ́gilére tó ń rí orí ọmọ aráyé lójoojúmọ́ ni kò mọ bó ṣe tó? Orí lolúwa ara, ìdí nìyẹn tó fi gbé e ga. Ọmọ jòjòló ló kú, àgbàlagbà ló gbẹ́. Ṣé ojú ló fọ́ ni? Ní Ọ̀wọ̀, nígbà tí wọ́n ń ṣe àkó fún olóògbé, wọ́n ń gbẹ́ ère tó jọ ọ́ gan-an, wọ́n á wọ̀ ọ́ láṣọ, wọ́n á gbé e yí ìlú ká. Yorùbá mọ ìjọra; ìgbà tó wù wọ́n ni wọ́n ń lò ó.

Ẹni tó bá tún yínmú níwájú mi, ìlà ẹ̀rẹ̀kẹ́ ìbejì náà ni n ó ní kó kọ́kọ́ kà fún mi, kó sì sọ ilé tó ni ín.